OBÌ: Ìtumọ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ: o, b, i. Ẹni tó bá máa ń ṣe àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní kírọ́sìwọ́ọ̀dù, yóò ti bá a pàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Àdììtú yìí ti pẹ́. Arthur Wynne ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1913.

Ohun tí àdììtú náà sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí pè ni ọ̀já fífẹ̀ tí àwọn ará Jàpáàn ń dì mọ́ ìbàdí lórí aṣọ kimono. Nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ oyè ọba Onítṣà nílẹ̀ Ìgbò, tàbí Obi Okonkwo inú ìwé No Longer at Ease tí Chinua Achebe kọ ní 1960, tàbí Obi-Wan Kenobi inú fíìmù Star Wars ti 1977. Kò sí èyí tó jẹ́ tiwa nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ èso tiwa ni wọ́n ń wá, "kola" tàbí "cola" ni ìdáhùn.

ÀMÌ OHÙN

Àpótí àdììtú kò gba àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò ṣe é kà dáadáa láìsí i. Ẹ wo àwọn méjì yìí:

obì (re dò): èso tí à ń jẹ, tí a sì fi ń gbàdúrà
òbí (dò mí): bàbá tàbí ìyá tó bí ni

Ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ àròkọ lórí ìgbéyàwó láìfi àmì kankan sí i. Ó kọ ọ́ pé wọ́n pín "obi" sí awẹ́ mẹ́rin, gbogbo ẹbí sì jẹ níbẹ̀. Mo ní kó kà á sókè. Òbí ló kà! Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Mo sọ fún un pé olùdánwò kò ní rẹ́rìn-ín, máàkì ni yóò yọ.

Ẹ má sì ṣe rò pé orúkọ Kọ́lá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú "kola". Kó ọlá ni a sọ di Kọ́lá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i nínú Kọ́láwọlé.

ORÍṢI OBÌ

Obì àbàtà: Awẹ́ rẹ̀ máa ń ju méjì lọ, ó lè jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Òun ni obì ìbílẹ̀ wa, òun ni a fi ń ṣe ètùtù àti àdúrà. Aláwẹ́ mẹ́rin ni a fi ń dá obì.

Gbànja: Awẹ́ méjì ló ní. Obì ọjà ni. Àwọn Hausa ń pè é ní goro, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Orógbó kì í ṣe obì, kò sì ní awẹ́. Igi rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í yara wọn lórí àwo.

ÌLÒ RẸ̀

Níbi ìsọmọlórúkọ, ìdána àti ìwúyè, a kì í ṣe àdúrà kí obì má sí níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń wúre: obì ni a fi ń bi ikú, òun ni a fi ń bi àrùn. Orógbó wà kí ẹni náà lè gbó. Ataare wà kí ọmọ lè pọ̀ bí èso inú rẹ̀.

Obì tún wúlò fún ara. Kaféènì inú kọfí wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí awakọ̀ alẹ́ fi ń jẹ ẹ́ kí oorun má baà kùn ún. Nígbà tí John Pemberton ṣe ohun mímu rẹ̀ ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ní 1886, lára obì ni apá kejì orúkọ Coca-Cola ti wá.

OBÌ NÍ RẸ́MỌ

Ẹni tó bá dàgbà ní Akaka níbí mọ oko obì. Gbànja kì í ṣe ti ilẹ̀ wa látilẹ̀wá. Láti apá ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí ni wọ́n ti ń kó o wá, títí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Agége fi bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín ní ìparí ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ó tàn dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Rẹ́mọ, Ṣágámù sì di ojúkò ọjà rẹ̀. Sábó ni àwọn Hausa oníṣòwò tẹ̀dó sí, tí wọ́n ń dì í sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́, lọ sí òkè Ọya.

Síbẹ̀, ní ìdána kan nílùú yìí, gbànja ni ẹbí ọkọ gbé wá. Ìyá àgbà kan ṣí igbá, ó wò ó, ó dé e padà. Ó ní, "Obì ọjà lẹ gbé wá. Ẹ lọ wá obì àdúrà." Gbogbo wa jókòó títí wọ́n fi rí àbàtà rà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán lọ sọ́jà kì í ṣe òmùgọ̀, ó ti jáde yunifásítì. Àwa tó yẹ kí a fi hàn án ni a kò fi hàn án. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ra obì, ẹ pe àwọn ọmọ wá wò ó, kí wọ́n ka awẹ́ rẹ̀ fúnra wọn.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÓ RỌ̀ MỌ́ OBÌ

awẹ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí obì pín sí
pa obì: láti la obì sí awẹ́
dá obì: láti da awẹ́ obì sílẹ̀ kí a lè mọ ohun tí òrìṣà wí
obì yàn: ìdáhùn rẹ̀ dára

ÌDÁNRAWÒ

1. Fi àmì ohùn sí gbólóhùn yìí: Awon obi iyawo gba obi.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àbàtà àti gbànja?
3. Bi àgbà kan nílé yín léèrè ìdí tí a fi ń lo obì níbi ìsọmọlórúkọ, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.