Kọ̀ǹpútà Tó Ń Wọ́ Bí Ìgbín: Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ Hard Disk, Kí Ẹ Fi SSD Rọ́pò Rẹ̀

Nínú àwọn ìbéèrè tó ń wọlé sórí fóònù iléeṣẹ́ wa lẹ́yìn ètò ìròyìn, ọ̀kan wà tí kì í tán. Ẹnì kan á ní laptop òun ti darúgbó, pé bí òun bá tàn án láàárọ̀, òun lè fọ ẹnu, kí òun wẹ̀, kí òun sì ra àkàrà dé, kò ní tíì ṣí tán. Ṣé kí òun tà á ni, àbí kí òun gbé e fún ọmọ kó máa fi ṣeré? Lọ́pọ̀ ìgbà, èsì wa ni pé kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Kọ̀ǹpútà náà lè má tíì gbó. Ibi tó ń kó ẹrù pamọ́ sí, ìyẹn hard disk, ló ń fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ fi SSD síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń lo ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 kó tó ṣí lè máa ṣí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30. Kọ̀ǹpútà kan náà ni o.

Kí ló wà nínú méjèèjì?

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa á rántí ẹ̀rọ giramafóònù tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ àwo. Hard disk jọ ọ́ gan-an. Àwo pẹlẹbẹ ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí bírí bírí, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ laptop, ìgbà 7,200 nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Apá kékeré kan wà tó ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí àwo náà láti ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ giramafóònù máa ń fara kan àwo, ṣùgbọ́n ti hard disk kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Ṣe ló ń fò lókè rẹ̀, àlàfo àárín wọn sì kéré ju ekuru lọ. Ọjọ́ tó bá kàn án, ẹ máa gbọ́ ọ tí á máa dún kà, kà, kà.

Iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ló gbé hard disk àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1956, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní RAMAC. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, síbẹ̀ gbogbo wọn lápapọ̀ kò gbà ju nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Orin MP3 kan ṣoṣo ti kún un.

SSD ní tirẹ̀ kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohunkóhun tó ń yí nínú rẹ̀. Inú chip ló ń kọ nǹkan sí, irú èyí tó wà nínú flash àti memory card fóònù yín, àmọ́ tó yára jù wọ́n lọ. Ọmọ Japan kan tó ń jẹ́ Fujio Masuoka, tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló ronú kan ọgbọ́n yìí láwọn ọdún 1980. Irú tí wọ́n ń pè ní NAND, tí wọ́n fi han aráyé lọ́dún 1987, ló wà nínú SSD òde òní.

Ní ti eré sísá, hard disk lè ka nǹkan bíi 100 megabyte ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD tó ń lo okùn SATA lè ka èyí tó lé ní 500. Èyí tí wọ́n ń pè ní NVMe lè ka 3,000, àwọn mìíràn sì kọjá 7,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa mọ ìyàtọ̀. Bí Windows bá ń ṣí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń wá lẹ́ẹ̀kan náà, apá hard disk á sì máa sáré kiri bí ẹni tó ń wá ṣéńjì káàkiri ọjà. SSD kì í rìn lọ síbì kankan, kò wá ohunkóhun kiri, ojú ẹsẹ̀ ló ń mú un.

Fún àwa tó wà ní Ìwòpin, Abígí, Ibíadé àti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé laptop sẹ́yìn ọ̀kadà lórí títì wa, tàbí tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, mọ bí ó ṣe ń gbọ̀n. Bí laptop bá wà ní títàn, tàbí tí ẹ kàn pa á dé láìjẹ́ kó kú tán, hard disk inú rẹ̀ lè ṣì máa yí lọ, ìgbọ̀n kan sì lè bà á jẹ́. SSD kò ka ìgbọ̀n sí. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn rò pé iná NEPA tó ń já lójijì kò lè ṣe é ní nǹkan. Ó lè bà á jẹ́ náà, nítorí náà ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì nílò UPS.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ má sáré náwó. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, kí ẹ lọ sí Performance, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Lórí Windows tuntun, á sọ fún yín bóyá HDD ni tàbí SSD. A ti rí ẹni tó fẹ́ ra SSD, tí SSD sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ látọjọ́ tó ti rà á ní tòkunbọ̀. Bó bá jẹ́ HDD, tó ń fò lọ sí 100% nígbà tí ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, ẹ ti rí ọ̀daràn. Àmọ́ bó bá jẹ́ Memory ló kún, tí RAM rẹ̀ kò ju 2 tàbí 4 gigabyte lọ, ẹ fi kún RAM ná, tàbí kí ẹ ṣe méjèèjì pọ̀.

Mo tún fẹ́ sọ èyí: ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. SSD kò lè sọ laptop àtijọ́ di èyí tí Windows 11 máa gbà, torí ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti chip ààbò TPM 2.0 ni wọ́n ń wò. Ẹni tí laptop rẹ̀ kò bá yẹ lè fi Linux sórí SSD náà, á ṣì bá a ṣiṣẹ́ dáadáa.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ibí ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. Ẹ mọ orúkọ àti nọ́ńbà laptop yín kẹ́ ẹ tó dé ọjà. Laptop tó bá ní hard disk tẹ́lẹ̀ sábà máa ń gba SSD 2.5 inch, tó rí pẹlẹbẹ bí páálí káàdì, òun náà ló rọrùn jù láti fi sí i. Àwọn mìíràn máa ń gba M.2, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù. Èyí tó pọ̀ jù nínú M.2 ni 2280, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ tó mìlímítà 22, ó gùn tó 80. Àmọ́ M.2 SATA wà, M.2 NVMe sì wà, ojú wọn jọra bí ìbejì. Èyí tí kọ̀ǹpútà yín kò bá gbà, bó tiẹ̀ wọ ihò náà, kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn laptop kékeré kan wà tí wọ́n lẹ ibi ìpamọ́ wọn mọ́ pátákó inú pátápátá, ọ̀pọ̀ MacBook tuntun náà rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò ṣeé yọ.

Ní ti bó ṣe máa tóbi tó, 240 tàbí 256 gigabyte tó akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè tó ń kọ project, ó sì tó ẹni tó ń ṣe ìwé ọ́fíìsì. Àwa oníròyìn kò lè fi ìyẹn jẹun. Wákàtí kan ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní WAV, láìfún un pọ̀, ń gba nǹkan bíi 600 megabyte. Bí a bá sọ ọ́ di MP3 128, ó di bíi 58. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ohùn tàbí fídíò, kó lọ ra 500 sókè. Bí 500 yín bá sì ń fi 465 hàn nínú Windows, ẹ má bá ontajà jà. Ọ̀nà tí àwọn tó ṣe é gbà ń kà á àti ọ̀nà tí Windows gbà ń kà á ló yàtọ̀.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti láwọn ṣọ́ọ̀bù Ìjẹ̀bú-Òde, ojúlówó wà, ayédèrú náà sì wà. Èyí tí wọ́n bá pè ní terabyte 2 tó sì pọ̀ọ́kú, ẹ sá fún un. Memory card kékeré kan ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á ti kọ́ ọ bó ṣe máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà. H2testw ló máa ń tú àṣírí irú rẹ̀: á kọ nǹkan kún un, á sì kà á padà. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú yín.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé SSD máa ń gbó bí wọ́n bá ń kọ nǹkan sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Samsung kọ ọ́ sára 870 EVO tó jẹ́ 500 gigabyte pé ó lè gba terabyte 300. Bí ẹ bá ń kọ gigabyte 20 sí i lójoojúmọ́, yóò tó ogójì ọdún kó tó pé.

Ọjọ́ tí a pàdánù ohùn ìyá àgbà

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan screw kankan, ẹ da gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì kọ síbòmíràn. Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ hard disk kọ̀ǹpútà kan níléeṣẹ́, a so SSD tuntun mọ́ ọn, a sì ṣí software tó ń da ti àtijọ́ kọ sórí tuntun. Ó bi wá léèrè èwo ni orísun, èwo ni ibi tó ń lọ. Disk 0 àti Disk 1 ló kọ síbẹ̀. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ yan òdìkejì, èmi náà dúró sẹ́yìn rẹ̀, mi ò wò ó. A da òfìfo kọ sórí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Nínú ohun tó lọ ni ohùn ìyá àgbà kan tó ṣàlàyé fún wa bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ lóru lọ sí ọjà Èjìnrìn nígbà tó wà lọ́mọge. Ìyá náà ti kú kí nǹkan yìí tó ṣẹlẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè padà lọ bi í.

Nítorí náà, ẹ wo orúkọ àti bí disk ṣe tóbi tó, ẹ má wo nọ́ńbà nìkan. Bí ẹ bá ní BitLocker, ẹ kọ kókó rẹ̀ síwèé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni dída gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà. Ẹ máa nílò okùn tó ń so SSD mọ́ ihò USB, àti software bíi Clonezilla tàbí èyí tí àwọn tó ṣe SSD yín gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà lórí hard disk gbọ́dọ̀ kéré sí ohun tí SSD lè gbà. Ọ̀nà kejì, òun lèmi fẹ́ràn jù, ni kí ẹ gbé Windows tuntun sórí flash gigabyte 8, kí ẹ fi sórí SSD tó mọ́, kí ẹ sì da fáìlì yín padà. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì àti pàǹtírí ọdún pípẹ́ kò ní bá yín lọ. Bí Windows yín bá ti ní ìwé àṣẹ orí kọ̀ǹpútà náà, á sábà dá a mọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìpààrọ̀ gan-an kì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tàbí okùn bátìrì inú. Lásìkò ọyẹ́, tí iná kékeré máa ń ta pátí lára wa, ẹ fọwọ́ kan irin ná kẹ́ ẹ tó kan nǹkan inú rẹ̀. Ẹ to àwọn screw sórí bébà bí ẹ ṣe yọ wọ́n, torí wọn kì í gùn bákan náà. SSD 2.5 inch á wọlé sí ojú ibi tí hard disk wà gẹ́lẹ́. M.2 ní tirẹ̀, ẹ kì í bọ́lẹ̀ díẹ̀ ní dídagun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì de screw rẹ̀. Kẹ́ ẹ má fipá tì í o. Bí kò bá ṣí lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS lọ wò bóyá ó ti rí SSD náà, kí ẹ sì fi í síwájú nínú ètò ìṣílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe defragment fún SSD, hard disk ló wà fún. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kún dẹ́nu. Ẹ sì mọ̀ pé fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ lórí SSD ṣòroó rí padà, kò dà bíi ti hard disk. SSD kì í sì í kígbe kó tó kú. Ó lè ṣiṣẹ́ lálẹ́, kó má jí láàárọ̀. Ìwòpin tí ìjọba àpapọ̀ torí ìwé kọ́ iléeṣẹ́ ńlá sí, pẹ̀lú ti Jẹ́bà àti Oku Iboku, orí kọ̀ǹpútà ni ìwé wa pọ̀ sí báyìí. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ síbì kan.

Kí ni kí ẹ ṣe pẹ̀lú hard disk àtijọ́?

Ẹ má kàn tà á. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network wá sí Èkó, wọ́n ròyìn pé nǹkan bíi kọ̀ńténà 500 ẹrù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù. Wọ́n ra hard disk lọ́jà, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn aráàlú òkèèrè nínú wọn. Lọ́dún 2009, àwọn oníròyìn ètò Frontline ní Amẹ́ríkà ra tiwọn ní Ghana, wọ́n bá ìwé iléeṣẹ́ Northrop Grumman, tó ń ṣe ohun ìjà, lórí ọ̀kan. Bí tàwọn alágbára bá lè jáde bẹ́ẹ̀, ìwé báńkì àti fọ́tò ẹbí yín ńkọ́? Format kíákíá kì í pa nǹkan rẹ́. Ẹ lo software tó ń kọ òfìfo sórí gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹ dá a lu.

Bó bá ṣì lágbára, ẹ ra àpótí USB kékeré fún un, kó di ibi tí ẹ ń da ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí. Tiwa wà nínú dúrọ́ọ̀ yàrá ìròyìn. Ọjọ́ Jimọ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìròyìn aago mẹ́rin, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á sì buwọ́ lùwé pé òun ti ṣe é.