Oymyakon: Wúrà Ló Kó Wọn Wá

Bí orúkọ Oymyakon, abúlé kan ní ilẹ̀ Sakha ní Rọ́ṣíà, bá dé orí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ òtútù ni wọ́n fẹ́ sọ. Lóṣù Èrèlé ọdún 1933, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ níbẹ̀ rí 67.7°C nísàlẹ̀ òdo lára ohun èlò wọn. Àwọn ará Verkhoyansk, ìlú mìíràn nínú ilẹ̀ Sakha kan náà, ní tiwọn ló ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n ti ka 67.8°C lọ́dún 1892. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Oymyakon tiẹ̀ ní òkúta ìrántí kan tí wọ́n kọ 71.2 sí lára, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun èlò kankan tó ka iye yẹn níbẹ̀ rí. Sergei Obruchev, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1926, ló ṣírò rẹ̀ lórí ìwé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òtútù sílẹ̀ ná. Ìtàn bí èèyàn ṣe dé ibẹ̀, àti bí wọ́n ṣe lọ, ló gba àròjinlẹ̀.

Ọdún 1931 ni wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Oymyakonsky sílẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn Sakha. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 92,000 kìlómítà níbùú lóròó, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo Nàìjíríà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2010, èèyàn 10,109 péré ló wà lórí gbogbo ilẹ̀ yìí. Òkè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Odò Indigirka bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó la àárín òkè kọjá, ó sì forí lé òkun yìnyín ní àríwá. Àwọn òkè ńlá náà ń jẹ́ Chersky, orúkọ ọmọ ilẹ̀ Poland kan tí ìjọba ọba Rọ́ṣíà lé lọ sí Siberia, tó wá di awáàdí níbẹ̀, tó sì kú lẹ́nu ìrìn àjò ní 1892. Obruchev ló sọ wọ́n lórúkọ rẹ̀.

Abúlé Oymyakon wà nínú àfonífojì tó ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní ohun tó lé ní 700 mítà, òkè sì yí i ká. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù a máa wúwo, a ṣàn kúrò lórí òkè wọ àfonífojì bí omi òjò ṣe ń wá kòtò, a sì dúró síbẹ̀, torí kì í sí atẹ́gùn tí yóò tú u ká. Lóṣù Agẹmọ, ooru lè dé 30°C níbẹ̀! Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn kì í yọ́ tán láéláé, ìdí nìyẹn tí ilé ńláńlá fi ń dúró lórí òpó.

Kí ọ̀rọ̀ wúrà tó dé, àwọn Sakha àti àwọn Even ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn Even ń da àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín. Àwọn Sakha ń sin ẹṣin àti màlúù. Irun ẹṣin wọn gùn, ìta ló ń sùn, ó sì ń fi pátákò wú yìnyín láti rí koríko jẹ. Màlúù kò le tó bẹ́ẹ̀, inú ilé tí wọ́n rẹ́ pa ló ń wà. Iye èèyàn tí irú iṣẹ́ báyìí lè bọ́ kò pọ̀.

Wúrà ló yí i padà. Dalstroi, iléeṣẹ́ ìjọba Soviet tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n la ọ̀nà láti ìlú èbúté Magadan wọ inú igbó. Àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé Ọ̀nà Egungun ni aráyé ń pè é títí dòní. Ust-Nera, tó di olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1937 níbi tí odò Nera ti pàdé Indigirka. Àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n àti ibi ìwa wúrà ni wọ́n jọ ń dàgbà. Òǹkọ̀wé Varlam Shalamov, tó ṣẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ ní Kolyma tó wà nítòsí, ṣiṣẹ́ olùtọ́jú aláìsàn ní agbègbè Oymyakon lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀, kó tó rí àyè padà sí ìwọ̀-oòrùn Rọ́ṣíà ní 1953. Ogun Àgbáyé Kejì náà kò yọ wọ́n sílẹ̀: láàárín 1942 sí 1945, ọkọ̀ òfurufú bí 8,000 tí Amẹ́ríkà fún Soviet gba òfurufú Siberia kọjá láti Alaska, pápá ọkọ̀ òfurufú Oymyakon sì wà lára ibi tí wọ́n lè bà sí.

Lẹ́yìn ikú Stalin, olórí Soviet, owó ló rọ́pò ìbọn. Ìjọba ń san àfikún fún ẹni tó bá gbà láti ṣiṣẹ́ ní àríwá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì wá láti Ukraine àti ìwọ̀-oòrùn Rọ́ṣíà. Nígbà tó fi di 1989, èèyàn ibẹ̀ ti tó bí 30,000.

Soviet tú ká ní 1991. Owó oṣù ń pẹ́, ibi ìwakùsà ń tì, ẹrù tó ń tọ Magadan wá di ọ̀wọ́n gógó. Ìkànìyàn 2002 bá èèyàn 14,670 níbẹ̀, ti 2010 sì ni 10,109 tí a ti mẹ́nu bà. Òtútù ibẹ̀ kò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí náà ẹni tó bá ní òtútù ló lé wọn kò wo ìṣirò dáadáa. Àwọn tó ní ìlú mìíràn láti padà sí ló kọ́kọ́ di ẹrù. Ní abúlé Tomtor àti Oymyakon, níbi tí ọ̀pọ̀ jẹ́ Sakha, ẹṣin àti màlúù ṣì wà.

Wọ́n ṣì ń wa wúrà, wọ́n sì ń wa àlùmọ́ọ́nì antimony nítòsí Ust-Nera. Ṣùgbọ́n lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ń ṣàn tí wọ́n lè fọ iyanrìn ni ọ̀pọ̀ awakùsà ń wá. Tí yìnyín bá ti ń dé, wọ́n á wọkọ̀ padà. Oṣù Ọ̀wàrà, ìgbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti padà sílé, sì ni ìkànìyàn 2010 wáyé.