Bátìrì Dípò Ẹ̀rọ Amúnáwá Níbi Ayẹyẹ Ìta Gbangba

Bátìrì alágbèéká tí a ń sọ níhìn-ín ni àpótí iná tí wọ́n ti ṣáájì níbòmíràn, tí wọ́n wá gbé lọ sí pápá tàbí gbàgede tí ayẹyẹ ti ń wáyé, kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ amúnáwá: gbígbé ẹ̀rọ amóhùngbòòrò, iná orí ìtàgé, fíríìsà àwọn tó ń ta ohun mímu àti gílóòbù ojú ọ̀nà. Èyí tó kéré nínú wọn kò ju àpótí ìrìn-àjò lọ, ẹnì kan sì lè dá a gbé. Èyí tó tóbi tó kọ̀ǹténà, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e. Ínfátà wà nínú àpótí náà tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tó ń bọ̀ láti ara wáyà NEPA, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń ṣọ́ ooru àti agbára sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kí wọ́n má baà ṣe ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún ẹ̀rọ amúnáwá

Kò sí ẹni tó ń ṣètò ayẹyẹ tó fẹ́ kí iná kú mọ́ òun lójú agbo. Nítorí náà, ẹ̀rọ amúnáwá tó lè gbé ẹrù iná ní wákàtí tó wúwo jù lọ ló máa ń yá, á sì tún fi díẹ̀ lé e. Wákàtí tó wúwo bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Láti òwúrọ̀ tí wọ́n ti ń to àga, títí di òru tó ku gílóòbù àti fíríìsà nìkan, ẹ̀rọ ńlá náà á máa mu epo, á máa han, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì tó nǹkan. Irú ìlò yìí kò bá ẹ́ńjìnnì dísù lára mu. Bí ẹrù tó gbé kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ fún wákàtí pípẹ́, epo kì í jóná tán. Èérú dúdú àti epo tó ṣẹ́ kù á máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù èéfín, ẹ̀rọ náà á sì tètè bàjẹ́. Lítà dísù kan péré, bó bá jóná, a máa tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó tó kílò 2.7 síta.

Ní oṣù Òkúdù ọdún 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísù wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ju bó ṣe ń ká wa lára lọ. Àwọn tó ń fa èéfín náà símú jù kì í ṣe àwọn tó jókòó sórí àga àlejò pàtàkì. Ẹ̀yìn ìtàgé ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn alásè ti ń dáná, tí ọmọ wọn ń sùn lórí ẹní, tí oníwáyà sì ń dúró láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó mú kó ṣeé ṣe

Bátìrì kì í ṣe àlejò níbi ayẹyẹ wa. Bátìrì mọ́tò ti ń gbé gbohùngbohùn mọ́sáláṣí, ti oníwàásù ojú pópó àti ti àwọn tó ń ta oògùn láti ìlú dé ìlú, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ lítíọ́mù létí wa. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé yẹn wúwo, bí a bá sì ń lò ó gbẹ kí a tó ṣáájì rẹ̀, kì í pẹ́ kú. Ní 1991 ni Sony kọ́kọ́ gbé bátìrì lítíọ́mù jáde fún títà. Ní 2019, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì nítorí iṣẹ́ tó bí i. Irú èyí tí irin àti fọ́síféètì wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ fún ìta gbangba báyìí: kì í tètè gbaná, a sì lè ṣáájì rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí agbára rẹ̀ tó dín gidi. Owó bátìrì lítíọ́mù lápapọ̀ ti já wálẹ̀. Ìṣirò ilé iṣẹ́ ìwádìí BloombergNEF fi í sí dọ́là 115 fún kílówáàtì-wákàtì kan ní 2024. Ní 2010, ó ju dọ́là 1,000 lọ.

Iná LED náà ṣe tirẹ̀. Gílóòbù ìtàgé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní PAR 64 sábà máa ń jẹ 1,000 wáàtì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń bá ooru lọ. LED tó rọ́pò rẹ̀ kì í sábà ju 200 wáàtì lọ. Lójú tèmi, bí kò bá sí LED, bátìrì ì bá má tíì dé orí ìtàgé kankan.

Mímọ ẹrù iná

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ amúnáwá lè máà mọ iye iná tó ń jẹ; bí epo bá tán, á ránṣẹ́ ra òmíràn. Bátìrì kò gba irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè, ibẹ̀ gan-an sì ni èrè rẹ̀ tó pọ̀ jù wà. Nǹkan méjì ló yẹ kí a mọ̀: kílówáàtì ni ẹrù tí àpótí náà lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kílówáàtì-wákàtì ni iye tó kó pamọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìsọ̀ kan tó ní fíríìsà tó ń fa 150 wáàtì àti gílóòbù LED márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 wáàtì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200 wáàtì. Àpótí tó kó kílówáàtì-wákàtì 2, lẹ́yìn tí ínfátà bá ti jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, á gbé ìsọ̀ yìí fún wákàtí mẹ́sàn-án, á sì tún lé, torí fíríìsà máa ń sinmi. Kí olóńjẹ wá ki kẹ́tùlù 2,000 wáàtì bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á tán kí wákàtí kan tó pé. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń ní kí ìdáná wà lórí gáàsì.

Orin kì í jẹ iná bí a ṣe rò. Ẹ̀rọ ohùn tí wọ́n kọ 8,000 wáàtì sí lára sábà máa ń fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ ní ìpíndọ́gba, nítorí àyè wà láàárín ìlù kan sí èkejì. Bí ìlù ńlá bá dún, iná tó ń fà á ga sókè lójijì, á sì rẹlẹ̀ padà. Ẹ́ńjìnnì kékeré kì í bá a dé ibẹ̀: ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, gílóòbù á ṣẹ́jú. Bátìrì á ti dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Níbi tí wọ́n ti lò ó

Ní 2022 ni ẹgbẹ́ olórin Coldplay bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò Music of the Spheres pẹ̀lú bátìrì tí BMW bá wọn ṣe láti ara ti ọkọ̀ i3. Sólà wà lára ohun tó ń bọ́ ọ, àti kẹ̀kẹ́ tí àwọn òǹwòran ń wà, àti ilẹ̀ tó ń mú iná wá bí wọ́n ṣe ń jó lórí rẹ̀. Níbi ayẹyẹ orin Lollapalooza ní Chicago, bátìrì tí wọ́n fi sólà ṣáájì gbé apá kan eré olórin Billie Eilish ní 2023. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìtàgé àgbà ibẹ̀ bọ́ sórí bátìrì.

Ti Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jinlẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ògún 2024, ẹgbẹ́ olórin Massive Attack, ọmọ ìlú náà, ṣe eré orin Act 1.5 ní Clifton Downs, èrò tó wá sì lé ní 30,000. Bátìrì ló gbé ayẹyẹ náà. Láti 2019 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ Tyndall Centre pé kí wọ́n wá ibi tí kábọ́nì eré orin ti ń jáde, àbọ̀ ìwádìí náà sì jáde ní 2021. Wọn kò tẹ́ pápá ìgbọ́kọ̀sí fún òǹwòran, wọ́n ṣètò ọkọ̀ ojú irin àfikún, oúnjẹ tí wọ́n tà kò sì ní ẹran. Wọ́n ti mọ ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé kí wọ́n tó yan ohun tí wọ́n máa fi gbé e.

Ayẹyẹ orin Glastonbury, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, gba ọ̀nà mìíràn: ní 2023, epo tí wọ́n ṣe láti ara òróró ìdáná tí wọ́n ti lò ni wọ́n rọ sínú àwọn ẹ̀rọ amúnáwá wọn. Ó sàn ju dísù lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ariwo kò lọ.

Ibi tí bátìrì ti kù díẹ̀ káàtó

Lítà dísù kan, tí kò tó kílò kan, ń mú nǹkan bí kílówáàtì-wákàtì 3 wá nínú ẹ̀rọ tó péye. Bátìrì tó kó iye kan náà á wúwo tó kílò 20. Ní pápá tó jìnnà sí wáyà iná, tí ayẹyẹ sì gba ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ń pa méjèèjì pọ̀: bátìrì á gbé ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ ní òru, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré á jí fún wákàtí díẹ̀, á ṣiṣẹ́ kíkún láti ṣáájì rẹ̀, á sì sùn padà. Bátìrì tó fara pa tàbí tí omi wọ̀ lè gbaná, iná rẹ̀ sì ṣòro pa. Kí wọ́n gbé e sí abẹ́ ìbòòji, kí ó jìnnà sí èrò.

Ní Nàìjíríà, àpò ló kọ́kọ́ kàn. Nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntirò tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ amóhùngbòòrò ti wọ orin jùjú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni òde wa ti nílò iná, epo sì ti wá di ìnáwó ńlá nínú ìnáwó òde. Gbohùngbohùn alága ìjókòó, gílóòbù abẹ́ ìbòòji àti ẹ̀rọ àwọn oníkámẹ́rà ni mo gbà pé ó yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ sórí bátìrì, kí ẹgbẹ́ olórin tẹ̀ lé e. Ọdún tí wọ́n ń ṣe ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, igbó tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, yẹ kó wà níwájú pátápátá, nítorí kò sí ìdí tí èéfín fi gbọ́dọ̀ wọ inú igbó tí a ń pa mọ́. Sólà 1,000 wáàtì kan ní ìhà gúúsù wa lè kó bíi kílówáàtì-wákàtì 4 lójúmọ́ bí òrùn bá ràn dáadáa. Ṣùgbọ́n oṣù Ògún ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí, ìkùukùu sì máa ń pọ̀ nígbà náà, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e lórí bátìrì ti máa ṣáájì láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.