Orin tí ẹ fowó rà, ta ló ni ín? Ẹjọ́ iTunes àti iPod, àti ibi tí òfin Nàìjíríà dé

Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ra orin Àyìnlá Ọmọwúrà ní Ìtòkú kì í bi ẹni tó tà á léèrè pé irú rédíò wo ló máa kọ ọ́. Ì báà jẹ́ Sanyo, ì báà jẹ́ Sony tàbí National, tó bá ti níbi tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì sí, orin máa dún. Awakọ̀ tó ń ná Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù lè gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ láàárọ̀, kó gbé e wọlé lálẹ́, kó sì yá àna rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó rà á ló ni ín.

Nígbà tí orin kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì àti síídì, tó di ohun tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé ìtajà bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan ló lè kọ ọ́. Ẹ̀sùn tó tinú èyí jáde dé Faransé, ó dé Norway, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ní kóòtù Amẹ́ríkà. Àlàyé rẹ̀ rèé, àti bó ṣe kan ẹni tó ń gbọ́ orin lórí fóònù nílẹ̀ Ẹ̀gbá lónìí.

Àgádágodo tó wà lára orin

Oṣù kẹwàá ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Apple ti Amẹ́ríkà gbé iPod jáde. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì ni, ó sì ń gba ẹgbẹ̀rún kan orin. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ kan náà ṣí ilé ìtajà orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní iTunes Music Store. Sẹ́ǹtì 99 ni orin kan, ìyẹn ni pé dọ́là kan ò tíì pé. Ọjà náà tà wàràwàrà.

Ṣùgbọ́n àgádágodo wà lára orin yẹn o. FairPlay ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ra orin ní iTunes lè gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ máa gbé e rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iPod nìkan ló lè lò. Tó bá rí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ wálẹ̀, tó sì rà á, orin tó ti sanwó lé lórí ò ní dún níbẹ̀. Ilé ìtajà mìíràn tó bá sì fi àgádágodo tirẹ̀ sára orin, orin ọ̀hún ò ní dún lórí iPod.

Ká má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, iPod máa ń gba orin MP3 tí kò ní àgádágodo. Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan sì tún wà: èèyàn lè kọ orin tó rà sínú síídì, kó wá tinú síídì yẹn kó o padà sórí kọ̀ǹpútà láìsí àgádágodo mọ́. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ohùn orin náà sì máa ń dín kù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ti ra orin 200 ti ná dọ́là 198. Lọ́jọ́ tí iPod rẹ̀ bá bàjẹ́, ṣé ó máa ra ẹ̀rọ mìíràn kó sì gbàgbé dọ́là 198, àbí ó máa ra iPod mìíràn? Bí orin tó rà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdè náà ń le sí i. Ibi tí àwọn tó ń pẹjọ́ dúró lé nìyẹn. Wọn ò sọ pé ó burú kí ọjà Apple tà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ti gbilẹ̀ lórí ọjà kan ń fi ọjà náà ti oníbàárà mọ́ ọjà kejì.

Ní oṣù keje ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ RealNetworks, tó ń ta orin bíi ti Apple, dọ́gbọ́n kan tó pè ní Harmony, tí orin tó bá tà fi lè dún lórí iPod. Inú bí Apple. Ó tún iPod àti iTunes ṣe títí orin tí RealNetworks tà ò fi dún níbẹ̀ mọ́. Àtúnṣe yìí ló padà di ẹjọ́ ńlá.

Faransé kọ́kọ́ gbìyànjú, Norway ló mú un le

Ilé ìtajà orin kan ní Faransé, VirginMega, ló tètè lọ fẹjọ́ Apple sùn lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ìdíje ọjà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2004, àjọ náà ní ẹ̀sùn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 2006, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé gbé òfin kan yẹ̀ wò tó máa mú kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè kọ orin tí ilé-iṣẹ́ mìíràn tà. Apple fárígá, ó ní ìjọba fẹ́ fọwọ́ sí olè jíjà ni. Nígbà tí òfin náà fi máa jáde, wọ́n ti dín in kù gan-an.

Norway ò gba gbẹ̀rẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ìgbìmọ̀ tó ń jà fún àwọn oníbàárà lórílẹ̀-èdè náà gbé ẹ̀sùn iTunes lọ bá ọ̀gá tí ìjọba yàn láti máa gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Wọn ò bá ọ̀rọ̀ gàba lórí ọjà jìnnà rárá. Ìwé àdéhùn tí oníbàárà ń fọwọ́ sí kó tó rajà ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì bi í pé: ṣé ó tọ́ kí èèyàn sanwó ọjà tán, kí ẹni tó tà á fún un tún máa pàṣẹ irú ẹ̀rọ tó máa fi lò ó? Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ìdáhùn jáde: kò bá òfin Norway mu. Wọ́n fún Apple di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn láti wá nǹkan ṣe sí i.

Kò pẹ́ rárá tí Steve Jobs, ọ̀gá àgbà Apple nígbà náà, fi kọ lẹ́tà síta. Ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2007 ni. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńláńlá mẹ́rin tó ni ọ̀pọ̀ orin ló sọ pé àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n tà á láìsí àgádágodo, kì í ṣe Apple. Ó tún ní nínú ọgọ́rùn-ún orin tó wà lórí iPod, èyí tí wọ́n rà ní iTunes ò tó mẹ́ta. Ẹnu Apple la ti gbọ́ ìyẹn, ó sì dáa kéèyàn rántí bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀hún, EMI ló kọ́kọ́ dẹwọ́. EMI yìí kì í ṣe àjèjì l'Abẹ́òkúta. Òun náà ló ń ṣe àwo fún Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtókò, kí ó tó kú lọ́dún 1980. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2007, EMI àti Apple kéde pé àwọn máa ta orin tí kò ní àgádágodo, ní dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 29. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2009, Apple kéde pé àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ti gbà, àti pé gbogbo orin tó wà ní iTunes ń bọ́ lọ́wọ́ àgádágodo. Ẹni tó ti ra tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó máa san sẹ́ǹtì 30 sí i lórí orin kan kí wọ́n tó ṣí i fún un. Lẹ́yìn ìkéde yìí ni Norway gbé fáìlì ẹjọ́ náà tì.

Ìdájọ́ Oakland

Oṣù kìíní ọdún 2005 ni àwọn oníbàárà ti gbé Apple lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní California, ní orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹjọ́ náà ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn, títí ó fi di oṣù kejìlá ọdún 2014 kí wọ́n tó jókòó gbọ́ ọ níwájú Adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers ní Oakland. Steve Jobs ti kú láti ọdún 2011. Fídíò ẹ̀rí tó jẹ́ kó tó kú ni wọ́n gbé jáde fún kóòtù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ oníbàárà ni ẹjọ́ náà kàn, àwọn tó ra iPod láàárín oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 sí oṣù kẹta ọdún 2009. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 350 dọ́là ni wọ́n ń bèèrè, òfin ibẹ̀ sì lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tó ṣojú oníbàárà gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́ ò ra iPod tí ọ̀rọ̀ kàn láàárín àsìkò tí ẹjọ́ dá lé. Àwọn agbẹjọ́rò sáré wá ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2014, àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti dá ẹjọ́ náà wọ yàrá, wákàtí mélòó kan péré ni wọ́n lò kí wọ́n tó jáde: Apple ò jẹ̀bi. Wọ́n ní àtúnṣe tó ṣe sí iTunes mú ọjà náà dára sí i lóòótọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, oníbàárà pàdánù ní kóòtù. Ṣùgbọ́n àgádágodo tí wọ́n torí ẹ̀ pẹjọ́ ti kúrò láti ọdún 2009. Ariwo tó wà níta ló ṣiṣẹ́ yẹn, kóòtù kọ́.

Nàìjíríà: díkódà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ará ilé mọ̀ ọ́n

Nàìjíríà ò sí lára orílẹ̀-èdè tí iTunes ti ń ta orin nígbà tí ìjà yìí ń lọ lọ́wọ́. L'Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Ọmídá ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ kó orin sínú mẹ́mórì káàdì. Kò sí àgádágodo kankan níbẹ̀, olórin náà ò sì rí kọ́bọ̀. Ṣebí ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ń sá fún nìyẹn, kó tó di pé wọ́n ní dandan ni àgádágodo.

Ibi tí ará Nàìjíríà ti mọ bó ṣe ń dùn ún ni díkódà. Láàárín ọdún 2007 sí 2010, HiTV ló ní ẹ̀tọ́ láti ṣàfihàn bọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti ní díkódà DStv nílé tún ní láti ra ti HiTV kó tó lè wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà padà sọ́wọ́ DStv, HiTV kógbá sílé láìpẹ́, díkódà tí àwọn èèyàn fowó rà sì di ohun tí eruku ń bò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́dún 2020, àjọ NBC tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ìlànà tuntun pé ilé-iṣẹ́ kan ò gbọdọ̀ dá irú ètò bẹ́ẹ̀ dì mú, ó gbọ́dọ̀ ta nínú rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú Èkó fagi lé e lọ́dún 2022.

Kí ni òfin sọ?

Òfin tó ń bójú tó ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i, òun ló sì dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Abala 72 ní ilé-iṣẹ́ tó bá ti jẹ gàba lórí ọjà ò gbọdọ̀ fi ọjà kan ṣe dandan kí oníbàárà tó lè ra òmíràn tí kò tan mọ́ ọn. Owó ìtanràn lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún tó ṣáájú. Òfin yìí kan náà fún ilé-iṣẹ́ láyè láti fi hàn pé ohun tóun ṣe mú iṣẹ́ tẹ̀ síwájú, àti pé oníbàárà ń jẹ nínú èrè ibẹ̀. Ẹ rí i pé àlàyé tí Apple fi borí ní Oakland lè wúlò níbí náà.

Abala mìíràn tún wà, tí kò tiẹ̀ bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tóbi tàbí ó kéré. Ó ní ẹni tó ń tajà ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan kí oníbàárà ra ọjà mìíràn mọ́ èyí tó wá rà, àyàfi tó bá lè fi hàn pé ìrọ̀rùn tó wà níbẹ̀ fún oníbàárà ju ìdíwọ́ rẹ̀ lọ. Abala yìí sún mọ́ ẹjọ́ Norway ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ó sì dà bíi pé òun ló máa rọrùn jù fún ẹnìkan tí kò ní owó agbẹjọ́rò ńlá.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àjọ náà ń bẹ̀rù ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní oṣù keje ọdún 2024, ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí bó ṣe ń lo ipò rẹ̀ láti fipá mú oníbàárà gba ìlànà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àṣírí wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí owó ìtanràn náà.

Orin orí fóònù lónìí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ra orin lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Wọ́n ń sanwó oṣooṣù, tàbí kí wọ́n fara da ìpolówó. Apple Music dé Nàìjíríà lọ́dún 2015. Ọdún yẹn náà ni Boomplay bẹ̀rẹ̀, inú fóònù TECNO ni wọ́n ti ń bá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í ṣe TECNO náà lè lò ó. Spotify dé ní oṣù kejì ọdún 2021.

Àwọn áàpù yìí máa ń jẹ́ kí ẹni tó sanwó kó orin pa mọ́ sórí fóònù kí dátà má bàa tán. Ṣùgbọ́n inú áàpù yẹn nìkan lorin náà ti lè dún. Kò ṣeé gbé sínú mẹ́mórì káàdì lọ sínú ọkọ̀, kò sì ṣeé gbé lọ sí áàpù mìíràn. Tówó oṣù bá tán, tí wọn ò sì san òmíràn, kò ní dún mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti iTunes ni pé níbí, wọ́n ti sọ ọ́ nínú ìwé àdéhùn pé yíyá ni, kì í ṣe títà.

Ibi tí ẹjọ́ ti kù báyìí ni ojú ọ̀nà tí owó ń gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 owó yúrò lé Apple, lẹ́yìn tí Spotify fẹjọ́ sùn lọ́dún 2019 pé Apple ò jẹ́ kí áàpù orin sọ fún àwọn tó ń lo iPhone pé wọ́n lè rí i lówó pọ́ọ́kú níbòmíràn.

Ẹni tó bá ní irú ẹ̀sùn báyìí ní ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́kọ́ máa ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó tajà fún un ná, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Tí wọn ò bá dá a lóhùn, tàbí tí ìdáhùn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, FCCPC ló kàn. Asokoro l'Abuja ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ náà wà, èèyàn sì lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkúrò l'Abẹ́òkúta. Rìsíìtì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì tó fi hàn pé owó jáde, orúkọ áàpù tàbí ẹ̀rọ náà, àti ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ kó wà nínú rẹ̀.