Àwọn Ilé Òyìnbó ní Lọ́kọ́jà: Ilé ni tàbí Abà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àgbẹ̀ a máa kọ́ abà sí oko, ṣùgbọ́n abà kì í ṣe ilé. Abà wà fún iṣẹ́ àti ìkórè. Ilé ni a ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Bí a bá fi òye yìí wo àwọn ilé tí àwọn Òyìnbó kọ́ sí Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, a ó mọ ohun tí ìlú náà jẹ́ lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tiwọn. Ní 1853, Titus Salt ṣí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ ní ẹ̀bá Bradford ní Íńgílándì, ó sì ń kọ́ ìletò Saltaire fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi mọ àwọn ilé náà, tí wọ́n ju 800 lọ nígbẹ̀yìn. Wọ́n tò wọ́n ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ilé fara ti ilé, tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò méjì fi ń pín ògiri kan lò. Títí di òní, ènìyàn ń gbé inú wọn.

Ti Lọ́kọ́jà kò rí bẹ́ẹ̀. Oko gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ wá dá síbẹ̀ ní 1841. Nínú Òyìnbó 145 tí ó bá ìrìn-àjò náà wá, ó ju 40 lọ tí ibà pa, oko náà sì túká. Ní 1854, Baikie fi oògùn kuníìnì pa ibà mọ́, kò sí ẹnì kan tí ó kú nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí 1860 ni ó wá dá ibùdó sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ibà kò tán. Títí di 1897 tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀ Òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú ilẹ̀ ni ó ń fa àìsàn náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé ilé wọn lé orí òpó, tí wọ́n ń yí i ká pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbàgede, tí wọ́n sì ń fi páànù bò ó. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó jìnnà sí ilé àwọn ọmọ ìlú. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti rẹ́ pákó rẹ̀ ní Íńgílándì, tí a fi ọkọ̀ ojú omi kó wá, tí a sì tò ó pọ̀ níbí. Ilé tí a tò ni a lè tú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba wọn rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà, ó sì fi ibẹ̀ ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Àríwá. Nígbà tí ó fi di 1902, olú-ìlú ti ṣí lọ sí Zungeru.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, dá sílẹ̀ ní 1865 kò bá wọn ṣí lọ. Àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀, Núpé, Haúsá, Bassa àti Ìgbìrà náà dúró. Àwọn ni wọ́n sọ abà di ilé.

Ní 2001, àjọ UNESCO fi Saltaire sí ara àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Òkúta kò bẹ̀rù ikán, ṣùgbọ́n pákó àti páànù nílò ìtọ́jú. Ó yẹ kí olùkọ́ máa mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo àwọn ilé Lọ́kọ́jà kí ikán àti ìpẹtà tó jẹ wọ́n tán. Bí abà bá wó, kí ni a ó fi han ọmọ pé àlejò gbé oko wa rí?