Ìforítì àti Ìdárayá: Ìtàn Ijó Ìlera Nínú Ilé

Ìtàn ni mo gbé wá lónìí, ìtàn tí ó sì jẹ mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá wọ̀yá ìjà ni: bí ènìyàn ṣe lè máa fi ijó ṣe eré ìdárayá nínú ilé ara rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tí kò ní fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ olùkọ́ tí èmi ń ṣe, iṣẹ́ ìjókòó ni. Mo ti lé ní ogójì ọdún, ìwé kíkà àti kọ̀ǹpútà kì í sì í jẹ́ kí n dìde bọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ orí yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń wá ènìyàn wá láìkan ilẹ̀kùn. Pálọ̀ mi ni mo ti ń jó, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan èmi gan-an.

Àwọn àgbà ní àtibẹ̀rẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́, à-fi-orí-tì-í-dópin. Inú òwe yìí ni ọ̀rọ̀ náà "ìforítì" fara pamọ́ sí. Bí a bá tú u, a óò rí "fi", "orí" àti "tì". Ẹni tí ó fi orí ti iṣẹ́ ń rọ́jú, ó ń fara da ìnira, ó ń retí òpin. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kejì, "ìdárayá". "Dá", "ara" àti "yá" ni ó wà nínú rẹ̀. Bí aláìsàn bá gbádùn, a ó ní ara rẹ̀ ti yá. Bí ẹnìkan bá sì ń hára gàgà láti ṣe nǹkan, a ó tún ní ara rẹ̀ yá sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi ń pe ìlera àti ìfẹ́ láti dìde ṣe nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn yìí hàn ni pé àwọn tí wọ́n mú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn jó nínú ilé fún ọdún pípẹ́ kò gbé ẹrù náà lé ìforítì nìkan lórí. Wọ́n wá ohun tí yóò máa mú ara yá lójoojúmọ́.

Kí ijó tó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí rárá, rédíò ti gbé eré ìdárayá tòun ti orin wọ yàrá àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1925, ilé-iṣẹ́ adójútòfò Metropolitan Life ní ìlú New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí rédíò ní òwúrọ̀. Arthur Bagley ni olùdarí rẹ̀. Ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, dùùrù ń dún, àwọn olùgbọ́ sì ń na apá, wọ́n ń na ẹsẹ̀, lẹ́bàá ibùsùn wọn. Àwọn ará Japan rí i, wọ́n sì mú ọgbọ́n náà lọ sí ilé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Bélú ọdún 1928 ni Radio Taiso bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí rédíò wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ètò náà dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1951, wọ́n tún gbé e dìde pẹ̀lú orin tuntun, ó sì ń lọ títí di òní ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Ní àkókò ìsinmi ìgbà ooru, àwọn ọmọdé a máa mú káàdì lọ sí ibi tí àwọn ará àdúgbò ti ń ṣe é pọ̀, wọn a sì lu òǹtẹ̀ sí káàdì ọmọ tí ó bá wá lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó mú un tọ́jọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ìpele kọ̀ọ̀kan nínú eré náà. Aago ni ó ń pe ènìyàn, kì í ṣe ọkàn ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní láti bá ara rẹ̀ jiyàn ní gbogbo òwúrọ̀ kí ó tó dìde, ìgbà púpọ̀ ni ibùsùn yóò jàre.

Ijó wọ inú ọ̀rọ̀ ìlera gbangba ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1968. Ọdún yẹn ni Kenneth Cooper, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú orílẹ̀-èdè náà, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Aerobics. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ohun tí ń fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lágbára ni iṣẹ́ tí ń mú ènìyàn mí kánkán fún àkókò gígùn, bí eré sísá, kẹ̀kẹ́ gígùn àti wíwẹ̀ nínú odò. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Jacki Sorensen ka ìwé yìí. Puerto Rico ni wọ́n gbé ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ogun òfurufú, lọ. Oníjó ni obìnrin náà láti kékeré. Nígbà tí ó fi ìdánwò eré sísá oníṣẹ̀ẹ́jú 12 tí Cooper là sílẹ̀ dán ara rẹ̀ wò, ó yè é dáadáa, ó sì mọ̀ pé ijó ni ó ti fún òun ní agbára náà. Ní ọdún 1969, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ijó kọ́ àwọn ìyàwó ọmọ ogun ní ohun tí àwọn mìíràn ń fi eré sísá wá.

Ní ọdún 1969 kan náà, Judi Sheppard Missett ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ijó jazz ní ìlú Evanston, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ìṣòro kan dé bá a: àwọn obìnrin a wá, wọn a sì tún pòórá. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí ó fà á. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ di oníjó orí ìtàgé. Ara oníjó ni àwọn ń wá. Missett yí wọn kúrò níwájú dígí, ó fi ẹ̀yìn àtúnṣe ìgbà gbogbo sílẹ̀, ó fi ẹ̀rín àti orin ìwúrí kún un, òun fúnra rẹ̀ sì di dígí wọn. Àwọn tí wọ́n ń sá lọ tẹ́lẹ̀ dúró. Jazzercise ni a wá mọ iṣẹ́ náà sí. Lójú mi, ìtàn kékeré yìí ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn lọ. Ọ̀lẹ kọ́ ni ó ń lé àwọn obìnrin wọ̀nyí lọ, ìtìjú ni. Ara kì í yá níbi tí ojú bá ti ń ti ènìyàn.

Títí di àkókò yìí, gbọ̀ngàn ni ijó ìlera fìdí kalẹ̀ sí. Ẹ̀rọ fídíò ni ó gbé e wọ pálọ̀, Jane Fonda sì ni orúkọ tí a kò lè yọ kúrò níbẹ̀. Ijó ballet ni òṣèré fíìmù yìí fi ń tọ́jú ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù The China Syndrome, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Báyìí ni ó ṣe dé kíláàsì olùkọ́ kan, Leni Cazden. Ní ọdún 1979, Fonda ṣí gbọ̀ngàn tirẹ̀ sí Beverly Hills. Ní ọdún 1981, ìwé rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1982, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 44, kásẹ́ẹ̀tì fídíò rẹ̀ àkọ́kọ́ dé ọjà. Nǹkan bí 60 dọ́là ni wọ́n ń tà á, owó ńlá ní ìgbà náà. Fíìmù lásán, ènìyàn lè yá a wò lálẹ́ ọjọ́ kan kí ó sì dá a padà. Ijó tí a fẹ́ jó lójoojúmọ́, dandan ni kí a rà á. Àpapọ̀ àwọn fídíò ìdárayá rẹ̀ tí wọ́n tà tó mílíọ̀nù 17.

Obìnrin tí kò lè fi ọmọ sílẹ̀, tàbí tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bí ara òun ṣe ń gbọ̀n, wá rí ibi tí yóò ti jó láìsí ojú òǹwòran. Síbẹ̀, nǹkan kan sọnù. Àwàdà kan náà ni kásẹ́ẹ̀tì ń dá lóníì àti lọ́la. Bí ènìyàn kò bá wá fún oṣù kan, kásẹ́ẹ̀tì kò ní béèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì fi di ibùsùn eruku.

Ẹni tí ó gbìyànjú láti dí àlàfo yìí ni Richard Simmons, tí a bí ní ìlú New Orleans ní ọdún 1948. Ó mọ ohun tí ara sísan jẹ́, nítorí ó ti wọn ju kílò 120 lọ ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1988, ó gbé Sweatin' to the Oldies jáde. Orin àtijọ́ tí àwọn òbí ti jó ní èwe wọn ni ó lò, ẹgbẹ́ olórin sì wà lójú agbo. Àwọn tí ó kó sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ènìyàn bí tèmi tìrẹ: àgbà, ọ̀dọ́, ẹni tí ó tóbi, ẹni tí ó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ní ìparí, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń rí ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dín kù. Simmons a tún máa fi tẹlifóònù pe àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí i, láti gbà wọ́n níyànjú. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Agẹmọ ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ ilé.

Ní ìlú Cali, ní orílẹ̀-èdè Colombia, olùkọ́ aerobics kan, Beto Pérez, gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì orin rẹ̀ sílé ní ọjọ́ kan. Salsa àti merengue tí ó wà nínú báàgì rẹ̀ ni ó fi kọ́ kíláàsì ọjọ́ náà, inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dùn dé góńgó. Láti inú èyí ni Zumba ti jáde. Ní ọdún 2001, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ méjì dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Miami, fídíò ìlò ilé sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Àríyá ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní iṣẹ́. Kò jìnnà sí wa rárá. Inú orin àwọn ará Cuba ni salsa ti fa gbòǹgbò rẹ̀, lára àwọn tí a sì kó lẹ́rú lọ sí Cuba ni àwọn ènìyàn wa wà, àwọn tí a ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀. Ìlù bàtá wọn ń dún ní erékùṣù náà títí di òní.

Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà sọ gbogbo ayé di oníjó inú ilé. Láti ọgbọ̀njọ́ oṣù Ẹrẹ́nà ni òfin kónílé-ó-gbélé mú ìpínlẹ̀ Èkó àti Àbújá. Ní oṣù kan náà, Debbie Allen, gbajúmọ̀ oníjó ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ẹni 70 ọdún, kọ́ni ní ijó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Instagram. Àwọn tí wọ́n darapọ̀ lé ní 35,000. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti kásẹ́ẹ̀tì ọdún 1982 ni pé wákàtí kan náà àti ẹgbẹ́ ti padà sí pálọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Àwọn onímọ̀ náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2009, nínú èyí tí ènìyàn 96 yan ohun kan láti máa ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ní ìwọ̀n àárín, ọjọ́ 66 ni ó gbà kí nǹkan náà tó mọ́ wọn lára. Ó yá fún àwọn kan, ó pẹ́ gan-an fún àwọn mìíràn. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé ọjọ́ kan tí ènìyàn bá pa jẹ kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tí ó bá pa ọjọ́ Ajé jẹ, kí ó jó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó má fi ẹjọ́ pa ara rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi, ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré tí ń mú ara gbóná níwọ̀n. Bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lójúmọ́. Mo fi tèmi sí agogo mẹ́fà àárọ̀, ọmọ mi obìnrin sì ni ó ń yan orin. Àwo jùjú àtijọ́ ti Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé wúlò fún mi púpọ̀, nítorí lára wọn ni èyí tí orin rẹ̀ ń lọ láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan àwo dé òpin rẹ̀. Bí olórin kò bá dúró, kí ni èmi yóò tìtorí rẹ̀ dúró? Kò sí dígí ní pálọ̀ náà. Ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ mí, mo gbà láti jó orin kan péré, orin kan náà a sì máa di mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà.

N kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ìforítì o. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí ohun mìíràn tí yóò gbé wa dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi orí ti ijó fún ogún ọdún, orí yóò fọ́ ọ. Kí ó yan wákàtí, kí ó wá ẹnìkejì, kí ó lo orin tí ó mọ̀, kí ó sì gbé ìtìjú jìnnà; nígbà náà, ìforítì díẹ̀ tí ó bá ní yóò tó o ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá lókè òkun, tí ìwé ẹ̀kọ́ yín ti ń kó eruku, mo rò pé ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ara gbogbo wa máa yá o. Àṣẹ.