Bàálù tó ṣìnà, àti èyí tí kò dé mọ́

Ìtàn òní gùn díẹ̀, ẹ má sáré kọjá. Ìbéèrè kan ló bí i: tí ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà bá ń ṣe ségesège, ṣé kó gbéra ni àbí kó dúró?

Tẹ́lẹ̀, èrò tèmi ni pé bàálù kì í kúrò nílẹ̀ àfi tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ bá pé. Irọ́ ni o. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní MEL. Inú ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ohun tó lè bàjẹ́ tí bàálù á ṣì fò, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kó tó fò, àti iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti fi tún un ṣe. Òmíràn ọjọ́ 3, òmíràn 10, òmíràn 120. Kì í ṣe ìwà jìbìtì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú bàálù ló ní èkejì, kí ọ̀kan má bàa já wọn kulẹ̀. Páílọ́ọ̀tì náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò gbé e.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Indonéṣíà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2006, bàálù iléeṣẹ́ Adam Air kan gbéra ní Jakarta, ó ń lọ sí Makassar. Ẹ̀rọ atọ́nà ẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ lójú òfurufú. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Nígbà tí wọ́n máa rí ilẹ̀ bà sí, Tambolaka ni, pápákọ̀ kékeré kan ní erékùṣù Sumba, ó lé ní 400 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹnikẹ́ni ò kú. Orí ló kó wọn yọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣé wọ́n kọ́gbọ́n?

Ọjọ́ kìíní ọdún 2007. Bàálù Adam Air mìíràn, Boeing 737-400, gbéra ní Surabaya, ó ń lọ sí Manado. Èèyàn 102 ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀rọ atọ́nà tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní IRS. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí bàálù tó kúrò nílẹ̀, wọ́n á sọ ibi tó wà fún un. Látìgbà yẹn, kò ní wo ìta mọ́. Gbogbo bí bàálù bá ṣe ń yí àti bó ṣe ń sáré ló máa ń kà, ó sì ń fi ṣírò ibi tó dé. Bí ẹni di ojú, tó ń ka ẹsẹ̀ rìn nínú ilé ni. Tó bá ṣì í kà, àṣìṣe náà á máa pọ̀ sí i ni. Méjì ló wà nínú 737. Àwọn náà ló sì ń sọ fún páílọ́ọ̀tì bóyá apá bàálù dọ́gba àbí ó ti fì.

Nígbà tí àwọn olùwádìí wo ìwé àkọsílẹ̀ bàálù yìí, láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá 2006, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́jọ (154!) ni wọ́n kọ ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ IRS. Oṣù mẹ́ta péré. Àtúnṣe wọn? Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un kì bọ̀, wọ́n á nu ẹnu wáyà. Ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ náà, ó tún dé. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 13 tó kẹ́yìn ni páílọ́ọ̀tì méjèèjì fi ń bá IRS jà. Wọ́n yí ọ̀kan sí ipò mìíràn, ni ẹ̀rọ tó ń bá wọn wa bàálù bá jáwọ́. Ní ipò yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ mú bàálù lọ tààrà fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí àwòrán tó padà. Kò sẹ́ni tó mú un. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í fì sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ pariwo. Ojú wọn ò kúrò lára IRS. Ó fì títí apá kan fi kọjú sí òkun, ó sì já bọ́ láti 35,000 ẹsẹ̀ bàtà. Kò sẹ́ni tó yè é.

Èyí tó dùn mí jù: lọ́jọ́ kejì, àwọn aláṣẹ kéde pé wọ́n ti rí i lórí òkè, pé èèyàn 12 ṣì wà láàyè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹbí tó gbọ́ ìyẹn.

Tèmi ni pé kì í ṣe IRS nìkan ló pa wọ́n. Bàálù náà ṣì ṣeé wà. Àràárọ̀ ni wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé a lè fi èyí fò lónìí?" Àràárọ̀ ni ìdáhùn ń jẹ́ "A lè." Kò sẹ́ni tó ro gbogbo "a lè" náà pọ̀. Ìwádìí sì fi hàn pé wọn ò kọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì ní ohun tí wọ́n máa ṣe tí IRS bá dàrú. Wọ́n gbé àléébù fún wọn, wọn ò gbé ọgbọ́n ẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ní 2007, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de gbogbo iléeṣẹ́ bàálù Indonéṣíà. Ní 2008, ìjọba wọn gba ìwé àṣẹ Adam Air.

MEL ṣì wà, ó sì yẹ kó wà. Àmọ́ ọjọ́ 3 ni ọjọ́ 3. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́jọ, kì í ṣe àmúmọ́ra mọ́.